Luka Wà Nílé Gjelosh

Brescia,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Keje, ọdún 2005

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí Zef awakọ̀ yóò fi lẹ́tà yìí lé yín lọ́wọ́. Ẹ kú ooru etí adágún. Ṣé eékún yín ti fúyẹ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí mo fi ránṣẹ́, àbí ẹ tún ti kó o fún Lena aládùúgbò yín? Màmá arúgbó tí mò ń tọ́jú níbí ní kí n kí yín. Ó ní kí n bèèrè bóyá ẹ ṣì ń bá gbogbo ayé jà.

Ìyá mi, Luka ọmọ mi ti tàn mí jẹ. Luka sọ fún mi pé òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ sí etí òkun ní Rimini. Mo dín ẹran fún un, mo ki ẹ̀wù òtútù bọ inú àpò rẹ̀, ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó lọ. Àná ni káàdì kan dé. Mo rí àwòrán òkun lójú rẹ̀, mo rò pé òkun Rimini ni. Mo yí i padà, òǹtẹ̀ ilẹ̀ wa ni mo rí.

Ẹ gbọ́ ohun tó kọ: "Màmá, ẹ má bínú. Mo wà ní Dhërmi. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ilẹ̀ tí ẹ bí mi sí, torí gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè, ẹ máa ń ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nǹkan wà níbẹ̀ o! Omi yìí mọ́ débi pé mò ń rí ìka ẹsẹ̀ mi nísàlẹ̀. Láti ibí, mò ń lọ sí adágún Ohrid, lẹ́yìn náà mò ń lọ sórí òkè níbi tí bàbá mi ti wá."

Sórí òkè níbi tí bàbá rẹ̀ ti wá! Ìyá mi, ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó ti ń fá irùngbọ̀n. Lójú àwọn tó wà lókè yẹn, ó ti tó ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀jẹ̀ sí lọ́rùn.

Ẹ mọ̀ pé mi ò sọ fún un rí pé bàbá rẹ̀ yìnbọn pa Tomë ọmọ Gjelosh nítorí omi tí wọ́n fi ń rin oko. Ohun tó mọ̀ kò ju pé bàbá òun já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́ níbí ní Ítálì, tó sì kú. Ikú Pjetër ọkọ mi kò pa ọ̀ràn náà rẹ́: níwọ̀n ìgbà tó ti fi ọmọkùnrin sílẹ̀, ara ọmọ náà ni wọ́n ti máa gba ẹ̀jẹ̀ Tomë. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé Luka wà nílùú. Ẹ má fi fóònù Lena pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mọ ẹnu rẹ̀. Fóònù Luka kò lọ. Tó bá yọ lọ́dọ̀ yín, ẹ tì í mọ́lé, ẹ gba bàtà rẹ̀.

Ọmọ yín tí àyà rẹ̀ ń já,
Mrika


Shiroka,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Keje

Mrika ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí màmá arúgbó rẹ. Sọ fún un pé mo ṣì ń bá gbogbo ayé jà, àti pé ayé ló kọ́kọ́ bú mi. Eékún mi wà bó ṣe wà. Lóòótọ́ ni mo fún Lena ní oògùn náà, ariwo ìrora tirẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn.

Luka ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń lọ jókòó sí ibùdókọ̀ ní Shkodër láràárọ̀, tí mò ń wo ojú gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn. Mo di ọ̀kan mú lápá, mò ń pè é ní Luka. Ará Jámánì ni. Ó rò pé ebi ló ń pa mí, ló bá fún mi ní búrẹ́dì. Mo jẹ ẹ́, nítorí ebi ń pa mí lóòótọ́.

Bínú sí mi tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mi ò ha sọ fún ọ? Mo ní kí o mú ọmọ yìí jókòó, kí o là á yé e. O ní ọmọdé ni, o ò fẹ́ kó máa lálàá ìbọn. Èyí tó léwu jù lo wá kọ́ ọ. O ní bí ẹnikẹ́ni láti ilẹ̀ wa bá bi í pé ọmọ ta ni, kó na àyà, kó dá orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé ọmọ tí kò nílé ni. O fún un lórúkọ, o ò sì sọ ohun tó rọ̀ mọ́ orúkọ náà fún un. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Mo ti wádìí ilé Gjelosh, mo sì fọgbọ́n ṣe é. Bàbá náà ṣì wà láàyè ní Arrëz, abúlé wọn lókè adágún Koman. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló kù fún un, Nikoll, àbúrò Tomë. Nikoll ti gbéyàwó, ó ti bí ọkùnrin kan. Wọ́n ní títí dòní, bí àwọn ọkùnrin bá ń mu kọfí, abẹ́ orúnkún ni wọ́n ti ń na tirẹ̀ sí i láti fi kẹ́gàn rẹ̀, nítorí kò tíì gbẹ̀san ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwọ náà mọ ohun tí irú kọfí bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọkùnrin.

Ẹ̀rù ń bà mí, Mrika. Mo ti rò pé ẹni tó bá dàgbà tó mi, ẹ̀rù ti tán lára rẹ̀. Irọ́ ni.

Ìyá rẹ,
Prenda


Brescia,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Ìyá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò lè kí yín gùn lónìí.

Káàdì méjì ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Pogradec létí adágún Ohrid ló ti fi èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ó ní òun jẹ ẹja adágún, pé obìnrin tó dín in bi òun pé ọmọ ta ni òun, òun sì dá a lóhùn, inú obìnrin náà dùn débi pé ó fi ìrù ẹja kejì kún un. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wá ka ìkejì.

Mo dà á kọ síbí bó ṣe wà: "Màmá, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, omi Koman ló wà láàárín wọn. Nínú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá àgbàlagbà kan ti ń wò mí, ó wò mí títí, ó wá ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ọ́?' Mo na àyà bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo ní, 'Èmi ni Luka, ọmọ Pjetër, ọmọ Mark.' Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ lọ gbáà. Àṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún bàbá mi! Bàbá náà kàn dìde, ó gbé àpò mi kọ́ èjìká ara rẹ̀, ó ní, 'Ilé mi lo máa sùn.' Gjelosh lorúkọ rẹ̀. Ẹ wo irú èèyàn dáadáa!"

Ìyá mi, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Gjelosh ti mú un. Mo mọ̀ pé wọn kì í pa àlejò lábẹ́ òrùlé, wọ́n kọ́ mi ní ìyẹn kí n tó lè rìn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé àlejò ló gbà á sí? Bàbá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀! Bóyá ó ti tì í mọ́ inú yàrá kan. Bóyá inú yàrá yẹn kọ́ ló tilẹ̀ gbé e lọ. Mo fẹ́ pe àwọn ọlọ́pàá. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ kí n máa bọ̀ fúnra mi. Ẹ sọ èyí tí mo máa ṣe fún mi, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Mrika


Shiroka,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ

Mrika,

Jókòó síbẹ̀. Má wá. Bí o bá fi ẹkún wọ ilẹ̀ yìí, gbogbo orí òkè á ti gbọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Má pe ọlọ́pàá. Bí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn Gjelosh láti fa àlejò rẹ̀ jáde, wọ́n ti tàbùkù ilé rẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lórí ọmọ náà. Àwọn ọlọ́pàá á mú un dé ìdí ọkọ̀, wọ́n á júwọ́ sí i, wọ́n á padà lọ mu kọfí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?

Bó bá ti jẹun nílé yẹn, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án níbẹ̀. Ọjọ́ tó máa jáde ló ń bà mí lẹ́rù. Onílé á sìn ín sọ́nà, ibi tí onílé bá sì ti yí ẹ̀yìn padà, ibẹ̀ ni ìbọn ti lè dún.

Obìnrin ni mí, wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin. Mo ti yan búrẹ́dì, mo ti di ẹrù mi, mò ń gòkè lọ lọ́la. Lena bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní mò ń lọ wẹ̀ nínú omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ nítorí eékún mi. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun náà ń bọ̀! Ìjà la fi túká.

Máa gbàdúrà, kí o sì máa jẹun.

Ìyá rẹ


Arrëz, nílé Gjelosh,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹjọ

Mrika ọmọ mi,

Luka wà láàyè. Mo kọ ìyẹn ṣáájú, kí o lè fara balẹ̀ ka ìyókù.

Mo bá a lágbàlá, ó ń la igi. Ó rí mi, ó pariwo, "Ìyá àgbà! Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mo wà níbí?" Mo gbá a létí, lẹ́yìn náà ni mo gbá a mọ́ra. Ó ti sanra. Wàrà àti oyin ni wọ́n fi ń jí i.

Ó ní, "Ìyá àgbà, àwọn èèyàn yìí dára, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti di ẹrù mi, bàbá á ní òjò ń bọ̀. Ẹ tiẹ̀ wo ojú ọ̀run."

Mo wò ó. Kò sí òjò kankan níbẹ̀.

Gjelosh jáde sí mi. Arúgbó gíga ni, ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́ bó bá ń woni. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà o, ìyá. Ẹ wọlé, ilé yín nìyí." Dila ìyàwó Nikoll gbé kọfí wá fún mi. Mo dúró títí Luka fi lọ pọn omi, mo wá ní, "Bàbá, ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́."

Ó ní, "Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ bí obìnrin tí Pjetër fẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

Ó ní, "Nígbà tí mo gbé àpò rẹ̀ nínú ọkọ̀, mi ò tíì mọ̀. Gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ orúkọ tó dá. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá gbé e, ọ̀rọ̀ á ti dé etí Nikoll kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Mò ń rò ó lọ́nà títí a fi délé. Inú mi ò dára, ìyá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó wá jókòó, ó jẹ búrẹ́dì mi, ó ní kí Dila jọ̀ọ́ fún òun ní iyọ̀ díẹ̀. Bó ṣe parí nìyẹn."

Nítorí náà, gbà pé a ṣi bàbá yìí rò, ìwọ àti èmi. Kò ti ọmọ rẹ mọ́lé. Ó ń fara ṣe ilẹ̀kùn fún un ni.

Nikoll kò sí nílé. Láti ọjọ́ tí Luka ti dé ló ti mú ìbọn rẹ̀ lọ sí ahéré àwọn darandaran lókè ọ̀nà, nítorí kò lè bá ọmọ Pjetër jẹun nídìí tábìlì kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sí adágún, abẹ́ ojú rẹ̀ ló sì gbà kọjá. Gjelosh ránṣẹ́ sí i pé bó bá yìnbọn fún àlejò òun, òun fúnra òun ni yóò gba ẹ̀jẹ̀ àlejò náà lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ òun ni, ìwọ̀nba tó kù fún òun. Nikoll ránṣẹ́ padà pé kí bàbá òun sin àlejò rẹ̀ dé inú ọkọ̀ tó bá wù ú. Ó ní òun ti mọ ojú ọmọ náà báyìí, òun lè wá a dé Ítálì. Òun ní sùúrù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Luka. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó ní, "Dila tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni bàbá mi pa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì fẹnu kan nǹkan látìgbà náà. Ó ń bẹ̀rù, ó sì ń tijú, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mi ò mọ ohun tí a óò ṣe, Mrika. N ò ní tàn ọ́.

Ìyá rẹ,
Prenda


Brescia,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹjọ

Ìyá mi,

Zef ti lọ, ó ti bọ̀, ó tún ti lọ, kò mú nǹkan kan wá láti ọ̀dọ̀ yín látìgbà tí ẹ ti ní ẹ ń gòkè lọ. Ẹ ní kí n jókòó, mo jókòó. Títí dìgbà wo?

Mò ń bá yín bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ fi pamọ́ fún mi títí wọ́n fi sin ín tán, ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí n sunkún nílẹ̀ àjèjì. Ilẹ̀ àjèjì náà ni mo padà ti sunkún. Bí ẹ bá tún ń ṣe irú rẹ̀ sí mi báyìí lórí Luka, mi ò ní dárí jì yín láyé. Bó bá ti kú, ẹ kọ ọ́ tààrà. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́.

Màmá arúgbó ló ń tọ́jú mi báyìí. Àná ó gbé ọbẹ̀ wá bá mi lórí ibùsùn, òun tí kò lè dìde láìsí ọ̀pá lọ́wọ́. Mo ṣí àpótí mi láti wá ẹ̀wù, mo rí aṣọ dúdú tí mo wọ̀ nígbà tí Pjetër kú. Mo pa àpótí náà dé kíákíá, mo jókòó lé e lórí.

Bí Zef kò bá mú nǹkan kan wá lọ́tẹ̀ yìí, mò ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà. Kí gbogbo orí òkè gbọ́. Kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà kú síbẹ̀.

Mrika


Arrëz, nílé Gjelosh,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹjọ

Mrika ọmọ mi,

Ó wà láàyè, kò sí ohun tó ṣe é. Mí kanlẹ̀. Mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yá, máa kà á lọ.

Ìdí omi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ lánàá. Èmi àti Dila ń fọṣọ, Marash ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lẹ́bàá wa. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ ni, irun ti bo ojú rẹ̀ nítorí wọn ò tíì gé e rí. Dila kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń lu aṣọ mọ́ òkúta, ó ní, "Ìyá, ṣé Luka ní ìbátan lọ́kùnrin?"

Mo ní àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Pjetër wà ní Milano, ọkùnrin gìrìpá ni gbogbo wọn.

Ó ní, "Bí ọkọ mi bá wá pa Luka, tó bá di ọjọ́ iwájú, ọmọ ta ni wọ́n máa wá wá?"

Àwa méjèèjì jọ ń wo Marash. Ó ń jẹ iyanrìn.

Dila fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó dìde. Ó ní, "Òní la máa gé irun ọmọ mi. Luka ló sì máa gé e."

Ojú mi là. Ìwọ náà mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gé irun ọmọ ti di kumbára ilé náà, ó ti di ẹbí, ẹ̀jẹ̀ kankan ò sì gbọdọ̀ ta láàárín kumbára títí ayé. Mo ní, "Nikoll á pa ọ́."

Ó ní, "Nikoll ò lè pa mí, kò mọ ibi tí mò ń fi iyọ̀ sí."

Baálé ló ń yan kumbára, nítorí náà a lọ bá Gjelosh. Ó gbọ́ wa tán, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá gbà, ọmọ mi á ní mo fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun tọrẹ."

Mo ní, "Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ó wò mí bí ẹni pé ó fẹ́ lé mi jáde. Ó wá pe orúkọ Tomë, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rọra pè é bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ bu omi sínú abọ́ fúnra rẹ̀.

Wọ́n gbé Marash lé Luka lẹ́sẹ̀. Luka ò gé irun ẹnikẹ́ni rí, etí ọmọ náà ni mò ń bẹ̀rù fún. Ó fi àlùmọ́gàjí gé iwájú, ó gé ẹ̀yìn, ó gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, irun ń bọ́ sínú omi. Marash ké, ó jà, ó tutọ́ sí i láṣọ. Dila ní, "Ó ti mọ kumbára rẹ̀."

Gjelosh wá ní kí wọ́n lọ sọ fún Nikoll pé kó máa bọ̀ wálé, ilé ti ní kumbára tuntun. Kò sọ ẹni tó jẹ́.

Mrika, mo ti rí ogun, mo ti rí ìyàn, mo ti sin ọkọ. Mi ò bẹ̀rù rí bí mo ṣe bẹ̀rù láàárín ìgbà tí a ránṣẹ́ àti ìgbà tí a gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lágbàlá. Mo fẹ́ gbàdúrà, orúkọ àwọn ẹni mímọ́ fò lọ lórí mi.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìbọn léjìká. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, èéfín ló ń rùn. Ó wo orí ọmọ rẹ̀. Ó wo abọ́ omi. Ó wo Luka, ẹni tí àlùmọ́gàjí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Luka dìde pẹ̀lú ọmọ náà lápá. Mo rò pé ó fẹ́ sá. Kò sá. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá wá fi ìtìjú jókòó lẹ́nu ọ̀nà yín, ǹ bá má jẹun níbí."

Nikoll kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n gé irun ọmọ mi?"

Dila ní, "Ọmọ tèmi náà ni."

Gjelosh na ọwọ́ sí Nikoll, bí baálé ṣe ń nawọ́ gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, kó lè fi í kọ́ ara ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè bẹ́ẹ̀, ó wà lókè títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nikoll wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ní nínú mi pé bó bá yìnbọn, èmi ni màá kọ́kọ́ bọ́ síwájú, kí òfin wọn dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ó yọ ìbọn náà léjìká, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àga ìtìsẹ̀ lẹ́bàá ààrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Kò sí ẹni tó sọ pé kó má sunkún. Gjelosh náà ń sunkún, ó kọ ojú sí ògiri.

Nígbà tó ṣe, Nikoll nu ojú. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun fún òun. Luka gbé e fún un. Ó yí orí Marash sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dáadáa. Ó wá gbójú sókè wo ọmọ rẹ.

Ó ní, "Kumbára, o ò mọ irun gé."

Bó ṣe pè é nìyẹn, Mrika. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Ìyá rẹ,
Prenda